Inú Ẹja

Ìdí ni kó o ti ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, Àyúnà,
kó o máa là á bọ̀ síbi ọrùn.
Rọra ṣe. Bí òróòro bá fi lè bẹ́,
ìkorò rẹ̀ á bá wa dé ìdí oúnjẹ alẹ́.
Ó dáa. Ya àpòlúkù ẹ̀ wàyí,
jẹ́ ká wo ohun tí ómúlì yìí jẹ gbẹ̀yìn.

Edé. Edé wẹẹrẹ, kò tó èékánná ọmọ tuntun,
ojú wọn dúdú bí orí abẹ́rẹ́.
Tẹ ọ̀kan fọ́ sí àtẹ́lẹwọ́.
O rí àwọ̀ ewé tútù yẹn?
Oòrùn nìyẹn.
Nígbà òtútù, tí adágún Báíkàlì bá dì gbagidi,
tí yìnyín mọ́ gaara bíi gíláàsì ojú fèrèsé,
ewé kan wà tí kò ní gbòǹgbò, tí kò ní ẹ̀ka,
tó ń so rọ̀ lábẹ́ yìnyín bí irun imú arúgbó.
Kò jẹ nǹkan kan àfi ìmọ́lẹ̀.
Edé á jẹ ewé, ómúlì á jẹ edé,
nẹ́rípà, ajá inú omi, á jẹ ẹja yó,
á wá yọ imú síta nínú ihò yìnyín láti mí.

Tíṣà yín ya gbogbo ẹ̀ sójú pátákó, o sọ fún mi,
ọfà lórí ọfà.
Ó ya ọkùnrin kan tó dé fìlà onírun sí òkè téńté,
ó gbọn ṣọ́ọ̀kì kúrò lọ́wọ́, ó ní ó parí.
Mi ò bá a wí. Ọmọ Irkútsk ni.
Kò mọ bàbá ìyá rẹ.

Oṣù kẹrin ni. Yìnyín ti ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́.
Rínṣìn gun alùpùpù lọ kó àwọ̀n,
ó gbé tíì dání nínú fíláàsì,
ó ní òun á dé kí ọ̀dùnkún tó jinná.
Ọ̀dùnkún jinná.
Ọ̀dùnkún tutù.
Nínú oṣù kẹfà, omi gbé fíláàsì wá sí èbúté,
ìdérí ẹ̀ ṣì wà lórí ẹ̀.

Gármà àgbà wá kí mi. Ó fẹ́ tù mí nínú, ó ní,
“Omi yìí kì í dá òkú padà, Sẹ́sẹ́gmà.
Má dúró dè é. Edé ò ní í jẹ́ kó pẹ́.”

Wọ́n ní ẹja ńlá ní í jẹ kékeré.
Kí wọ́n lọ bi kékeré léèrè ohun tí òun náà ń jẹ.

Òtútù mẹ́ta kọjá, ẹja ò wọ ẹnu mi,
èmi ọmọ apẹja, aya apẹja.
Wàrà ni, àgùntàn ni, ìyẹ̀fun ni.
Bí aládùúgbò bá ń yan ẹja, mo ti fèrèsé.

Lọ́jọ́ kan mo bá ìyá rẹ lẹ́yìn ilé àgùntàn.
Ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ó káwọ́ bo nǹkan,
ó ń jẹ ómúlì yíyan ní kọ̀rọ̀ bí olè,
kí n má baà rí i, kí n má baà sunkún.
Òróró ń ṣàn lágbọ̀n ẹ̀.
Àgbọ̀n Rínṣìn ni, bó ṣe rí gan-an,
pẹ̀lú kòtò kékeré àárín ẹ̀.
Mo dúró. Mi ò mọ iye ìgbà tí mo fi dúró.
Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí,
àmọ́ ẹni kan gba ọ̀nà yẹn padà wá bá mi.
Mo jókòó sínú yìnyín dídì, mo ní,
“Bù díẹ̀ fún mi.”

Da ìfun yẹn síta fún ẹyẹ ìwò, ó ti ń dúró láti àárọ̀.
Bó o bá dé ilé-ìwé lọ́la,
gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ tíṣà.
Fa ìlà kan láti ẹsẹ̀ ọkùnrin onífìlà yẹn
wá sílẹ̀, sílẹ̀ pátápátá, sọ́dọ̀ edé.
Bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè, má dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Iyọ̀ dà? Gbé iyọ̀ wá.