Omi Inú Orí

Èmi kọ́ ni mo rí i. Làsísì ló rí i.
Ó ní mo ń gé ìwé lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù wa ní Mọ́kọ́lá,
ìwé ìpè ìsìnkú, igba ẹ̀dà,
àfi bí mo ṣe dúró, tí mo ń fa imú
bí ẹni gbóòórùn àgbàdo tó ń jóná.
Àgbàdo kankan ò sí nítòsí.

Ìyẹn ni mo rántí mọ. Ìyókù, wọ́n rò ó fún mi ni.
Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì, gìrì wá mú mi bí ọmọ ọwọ́!
Àwọn oníbàárà tú síta:
"Ẹ má fọwọ́ kan itọ́ rẹ̀ o!"
Ẹnìkan ń wá ṣíbí tí yóò tì bọ̀ mí lẹ́nu.
Làsísì lé e.
Ó yí mi sí ẹ̀gbẹ́, ó ká ẹ̀wù rẹ̀ sábẹ́ orí mi,
ó ń wo aago ògiri.
Ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó ní ọdún mẹ́ta ni.

Àbúrò bàbá mi ní ọwọ́ ayé ni.
Àníkẹ́ ò bá a jiyàn;
ó ta ọ̀kan nínú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀,
ó mú mi lọ sí ọsibítù Orítamẹ́fà.
Wọ́n tì mí sínú ẹ̀rọ kan bí ààrò búrẹ́dì,
ó ń lù gbà-gbà-gbà,
mo ń ro ìwé òkú olókùú tí n ò gé tán.

Dókítà Okùnadé gbé àwòrán síbi iná.
"Àpò omi ni. Kò ju ẹyin àparò lọ.
Kì í ṣe jẹjẹrẹ.
Ó jọ pé inú ìyá rẹ lo ti gbé e wá.
Ó ṣọ̀wọ́n kí irú rẹ̀ gbé àgbàlagbà ṣánlẹ̀,
àmọ́ ọ̀wọ́n kọ́ ni àìsí."

Mo ròyìn fún ìyá mi ní Yemẹtu.
Ó rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́:
"Oyún rẹ wà nínú mi lọ́dún omíyalé.
Orí tábìlì ni mo dúró sí, Ògùnpa ń kó ìkòkò mi lọ.
Mo ṣebí gbogbo omi ọ̀hún ti ṣàn tán.
Àṣé ìwọ lo bu díẹ̀ pamọ́."

Wọn ò tíì là mí lórí. Oògùn ni, láàárọ̀, lálẹ́.
N ò gun ọ̀kadà mọ́.
Làsísì ló ń gé ìwé báyìí; abẹ ẹ̀rọ ò mọ ọ̀gá.

Lánàá, òjò dá, òórùn kan wọlé.
Ọwọ́ mi rọ. Mo di tábìlì mú.
"Làsísì, ṣé ìwọ náà ń gbọ́ ọ?"
"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá. Wọ́n ń sun àgbàdo níwájú ìta."
Mo mí kanlẹ̀.
Mo ní kó lọ ra méjì wá.