Àpò Mẹ́tàdínlógún

Olúyọ̀lé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nídìí ọlọ oúnjẹ adìyẹ,
níbi tí eruku àgbàdo ti ń sin ènìyàn délé,
tó ń bá a jẹun, tó ń bá a sùn.
Èmi ni mo ń ka àpò.
Ogún ọdún ni mo fi kà á sínú lẹ́jà, bírò lọ́wọ́,
kí ọ̀gá tó ra kọ̀ǹpútà, tó ní kí n sinmi.
Wọ́n ní kọ̀ǹpútà kì í ṣàárẹ̀. Wọ́n ní kì í purọ́.

Ìparí oṣù kìíní, àpò mẹ́tàdínlógún dín.
Ìparí oṣù kejì, mẹ́rìnlélógún.
A wo ìwé, a wo ilé ìkẹ́rùsí, a wo ojú ara wa.
Ojú gbogbo wa wá bà lé Àjàdí, ọdẹ alẹ́,
nítorí òun nìkan ló ń jí nígbà tí àwa ń sùn.
Èmi ni mo kọ lẹ́tà tí wọ́n fi lé e lọ.
Ìlà mẹ́rin péré. Mo ṣì mọ̀ ọ́n sórí.
Ó ká a sínú fìlà, ó gba ọ̀nà Òdò-Ọnà lọ,
kò bú ẹnikẹ́ni.

Oṣù kẹta, Àjàdí ò sí ńlẹ̀,
àpò ṣì ń dín.

Ìgbà náà ni Ìbídùnní, ọmọ ọ̀gá, sọ pé
òun mọ obìnrin kan ní Yunifásítì,
Ọ̀mọ̀wé Móríyìkẹ́, tó ń ṣèwádìí
bí sọ́fítíwià ṣe ń ṣìnà láìmọ̀ pé òun ṣìnà.
Ọ̀gá rẹ́rìn-ín: "Àwọn oníwèé! Ìwé ń yé ẹyin ni?"
"Bàbá, wíwò ò gbowó."

Wọ́n wá, obìnrin náà àti Káṣìmawò, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀,
ọmọ tí bàtà rẹ̀ ti jẹ ní gìgísẹ̀.
Mo rò pé wọn yóò jókòó ti ẹ̀rọ, kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ wàràwàrà,
bíi ti ọkùnrin tó tà á fún wa láti Èkó,
tó gbowó tán, tí kò gbé fóònù mọ́.
Rárá. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì, ìbéèrè ni.
"Bàbá, aago mélòó ni iná máa ń lọ?
Ta ló ń tan jẹnẹrétọ̀?
Àpò wo ló wà lórí òṣùwọ̀n lásìkò náà?"
Wọ́n ní kí n gbé lẹ́jà àtijọ́ wá.
Lẹ́jà mi, tí ikán ti jẹ létí!
Ọ̀mọ̀wé ń ṣí i jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ṣí aṣọ lójú ọmọ tuntun.

Òru ọjọ́ kẹrìndínlógún, iná lọ.
Káṣìmawò wà nídìí òṣùwọ̀n pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.
Jẹnẹrétọ̀ ké. Kọ̀ǹpútà jí,
ó sì tún àpò tó ti kà tẹ́lẹ̀ kà,
bí àgbàlagbà tí oorun gbé lọ láàárín ìtàn,
tó ta jí, tó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí.
Àpò tí à ń wá, a ò rọ ọ́ rí.

Ní báyìí, ọjọ́bọ̀ ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń wá.
Ọ̀gá ló ń san owó ilé-ìwé Káṣìmawò;
dísù tí à ń rà lóṣù ti fi ìdá mẹ́ta dín kù.
Àṣìṣe wa ni wọ́n ń fẹ́, ohun tí a fẹ́ bò mọ́lẹ̀!
Wọ́n ní ìṣirò, wọn ò ní eruku.
Àwa ní eruku.

Ọ̀gá ní kí n kọ lẹ́tà mìíràn sí Àjàdí.
Ìlà mẹ́rin ò tó. Mo fi ẹsẹ̀ ara mi lọ sí Kúdẹtì.
Mo bá a níbi tó ti ń tún àgò adìyẹ ṣe.
Ó ní kí n kà á. Mo kà á.
"Ẹ̀rọ ló sùn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Ó gbé ìṣó kan sẹ́nu, ó tún yọ ọ́.
"Mo mọ aago tí iná ń lọ.
Ẹ ò bi mí."