Nọ́ńbà Ilé

Akọ̀wé báńkì ní òpópónà Ọba Adésidà
gbé gègé lé ìwé, ó ní, "Màmá, nọ́ńbà ilé yín ńkọ́?"
Mo ka nọ́ńbà mọ́tò fún un.
Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.
Ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí i níta,
ọ̀dà búlúù tó ti ń ṣí lára rẹ̀ ṣì ń pariwo pé
ILÉ ÌWÒSÀN ALÁGBÈÉKÁ.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbẹ̀bí nínú ọkọ̀ yẹn.
Orí ibùsùn tí mò ń sùn báyìí
ni mo ti gba ìbejì kan ní Ọ̀wẹ́nà, òjò ń dà wìì,
dírẹ́bà ló di tọ́ọ̀ṣì mú, tó dijú.
Ibẹ̀ náà ni mo ti gba Fiyìnfólúwa,
tó ń lẹ táyà ní Ọ̀rẹ̀ lónìí.
Ó lẹ tèmi, kò gba kọ́bọ̀.
Ó ní ta ní ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń tún ilé tí wọ́n bí òun sí ṣe?

Nígbà tí ìjọba ní ó ti gbó, tí wọ́n tà á ní gbàǹjo,
ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn ẹbí ọkọ mi ń pín ilé Ìjàpọ̀:
yàrá fún eléyìí, pálọ̀ fún tọ̀hún,
kànga fún ẹni tí kò pọn omi rí.
Wọ́n ní, "Ìyàwó, níbo lẹ wá fẹ́ kọrí sí?"
Mo ní ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣáná sí i ná.

Àga Akinṣìkù ọkọ mi kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé.
Mo fi sílẹ̀, mo mú agogo ògiri.
Gbogbo ìgbà tí mo bá kó sí kòtò Aponmu ló ń kú,
kòtò kejì a sì jí i.
N ò mọ aago tó lù mọ́. Mo mọ ìgbà tí òùngbẹ ń gbẹ mí.

Ọlọ́pàá dá mi dúró lọ́nà Ọ̀wọ̀.
"Kí lẹ rù?"
Ìkòkò mẹ́ta, ẹní, Bíbélì, àti èmi.
"Níbo lẹ ń lọ?"
Mo ti délé.

Adúrótoyè ń pè láti òkè òkun, ìdájí ni tiwọn:
"Màmá, ilé làbọ̀ sinmi oko o."
Mo ní tèmi ń bá mi roko, ọmọ mi.
Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀.
Káàdì tán kí n tó bi í bóyá ó ti jẹun.

Àwọn ọmọdé Ìlárá ń pè mí ní Ìyá Ìgbín.
N kò fẹ́ràn rẹ̀. Ìgbín kì í ra epo,
kì í bẹ onílé epo pé kó jẹ́ kí òun sùn mọ́jú.
Kí n má parọ́, òru a máa gùn.
Ní Igbókòdá, nǹkan ń kan ara ọkọ̀ gbà, gbà, gbà;
mo di ọmọ odó mú, mo ń ka Sáàmù láìrántí ìlà kejì.
Ilẹ̀ mọ́. Òbúkọ ni, ó ń họ ìwo lára ilé mi.

Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo dá fún Ìdànrè.
Ẹsẹ̀ òkè ni mo páàkì sí, níbi tí wọ́n ń sá kòkó,
tí kùrukùru ń bo àpáta títí oúnjẹ àárọ̀ fi ń jinná.
Omi ìfọ̀bọ́ tí mò ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú
ni tòmátì kan ti yọ orí, ewé méjì, ewé mẹ́rin.
Mo fi igi gbè é lẹ́sẹ̀.
Mo ti ra epo. Fiyìnfólúwa ti wo táyà.
Àná ló tanná, òdòdó pupa rúsúrúsú, kékeré báyìí.
Bí mo bá yí ọwọ́ ọkọ̀, màá gùn ún mọ́lẹ̀.

Mo gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́ sára agogo.
Mo ní ó dọ̀la.