Fèrè Ehoro

Ní ìlú Búfálò, ní Wàyómìn,
ọmọkùnrin tó ń tajà gbé ẹ̀rọ kan lé orí káńtà,
oníbàtìrì, tó lè ké bí igba ẹranko.
Mo bi í ní iye rẹ̀. Owó oṣù mi gbáko.
Mo ní kó máa gbé e padà síbi tó ti mú un.
Fèrè onígi kékeré ni mo rà, dọ́là méjìdínlógún,
èyí tí wọ́n fi ahọ́n rẹ̀ pamọ́ sínú,
torí wọ́n ní kì í dààmú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́:
ṣáà fẹ́ atẹ́gùn sí i.

Gírásíánà Urúútì gbà á, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.
"Ó dára," ó ní, "nínú oṣù kẹsàn-án."
Ó dá a padà fún mi.
Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, ẹgbẹ̀ta àgùntàn;
òkè Básíkì ni bàbá tirẹ̀ ti wá,
òkè Perú ni èmi,
èdè tí a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, àwa méjèèjì la yá a.

Ọmọ àgùntàn mẹ́sàn-án ni kòyótì ti gbé,
àbúrò ìkookò, ẹlẹ́sẹ̀ fúyẹ́,
ọ̀fun ló máa ń mú, kì í da ibùsùn rú.

Ìdájí. Irun imú mi gan bí koríko gbígbẹ.
A fi ọkọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn òkè, a rọra ti ilẹ̀kùn,
a jókòó sínú igbó kúkúrú aláwọ̀ eérú.
Màmá fa òwú àgùntàn já lára ìbọ̀wọ́ rẹ̀,
ó jù ú sókè, ó wo ibi tó gbà lọ.
"Ọ̀hún ni yóò ti yọ.
Etí ni yóò fi gbọ́ ọ. Imú ni yóò fi gbà ọ́ gbọ́."

Mo fọn ọ́n. Ó dùn.

"Ta ló bẹ̀ ọ́ lórin?
Ehoro tí eyín ti wọ̀ lára, ṣé ó ń wá ohùn tó dùn ni?
Rọra bẹ̀rẹ̀, ó lè wà nítòsí.
Ké. Jẹ́ kí èémí já mọ́ ọ lẹ́nu.
Wáá dákẹ́. Ẹni tó ń kú a máa sinmi."

Mo wá rántí ilé ìdáná ìyá ìyá mi,
àwọn ẹmọ́ ilé tó ń sáré káàkiri ìdí ààrò,
èyí tí mo bá a dì mú lọ́jọ́ ọdún,
ọmọ ọdún mẹ́fà, tí mo di ojú,
tí n kò ní ọwọ́ tí mo lè fi di etí.
Ohùn yẹn ni mo fọn.
Màmá kò sọ nǹkan kan.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, itọ́ mi di yìnyín lórí ahọ́n fèrè.
Fùùù lásán.
Oṣù kẹsàn-án, lóòótọ́.

Ó fa tirẹ̀ yọ láti àyà, ìwo màlúù,
ahọ́n rẹ̀ wà níta gbangba, ó ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́,
ogójì ọdún ti gbẹ́ kòtò sí i lára.
"Fi eyín rẹ síbi eyín mi.
Ṣóńṣó rẹ̀, eku ni. Tì í wọlé díẹ̀, ehoro.
Má dé ìdí o: ibẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló wà."

Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Ẹsẹ̀ mi kú.
Ọ̀tún ló gbà yọ, ibi tí òwú lọ,
ìṣísẹ̀ mọ́kànlá sí mi, ojú rẹ̀ bí tíì tí kò ní mílíìkì.
Fèrè wà láàárín eyín mi,
ìbọn nà gbalaja lórí itan mi, mo ti gbàgbé rẹ̀.
Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n fi orúkọ ẹlòmíràn pè.
Imú rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan.
Kò sáré. Ó yà, ó lọ.

Ìbọn Màmá wà ní èjìká rẹ̀. Kò dún.
"Kí ló dé?"
"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá yóò gbà ọ́ gbọ́.
Lọ́la, a ó pa á."

Nílé, mo gbé fèrè onígi sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù kó yọ́.
Mo kàn fẹ́ ẹ wò, díẹ̀ báyìí.
Béltsà, ajá rẹ̀ dúdú, dìde lábẹ́ tábìlì,
ó wo ẹnu mi, ó wo ilẹ̀kùn.
Ọjọ́ méjì gbáko,
kò gba búrẹ́dì lọ́wọ́ mi.