Òógùn Ilẹ̀

Ní oṣù Ẹrẹ́nà, tí oòrùn Ògbèrè bá ń ta bí ata,
ilẹ̀ oko ìyá bàbá mi a máa làágùn.
Òógùn rẹ̀ dúdú.
A máa yọ lábẹ́ gbòǹgbò, díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí ọ̀rọ̀ ò tíì dá lójú.

Ọdún tí mo pé mẹ́sàn-án, ewúrẹ́ Ọ̀sínúgà tẹ̀ ẹ́.
Òùngbẹ ló gbé e débẹ̀; ó rí ohun tó ń dán, ó pè é lómi.
Ẹsẹ̀ méjì wọlé, ẹsẹ̀ méjì kù níta,
ó ń ké, à ń fà.
Kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan la fi fọ ọ̀dà kúrò lára rẹ̀.
Ọ̀sínúgà ní owó epo ju owó ewúrẹ́ lọ.

Mo bi Ẹfúnyẹlá pé, "Ta ló da ọ̀dà sílẹ̀ níbí?"
Ó ń pọ́n ẹ̀bìrìpò lọ́wọ́, kò gbójú sókè.
"Kò sẹ́ni tó dà á. Ó sè ni."

Ó sè.
Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ mi di kí n máa gbẹ́ ilẹ̀ wò.
Mo fi páìpù irin fa ìfun oko kan náà yọ,
mo tẹ́ ẹ sórí ẹní, mo kà á láti orí dé ìdí:
ilẹ̀ pupa tí gbágùúdá mọ̀,
amọ̀ tó funfun bí eyín ọmọdé,
iyanrìn, iyanrìn, iyanrìn tó mu ọ̀dà yó
bí búrẹ́dì ṣe ń mu tíì;
nísàlẹ̀ pátápátá, òkúta líle
tó ti wà kí ojú kankan tó là.

Òkun ti dé Ògbèrè rí.
Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.
Ó dé, ó jókòó, ó pẹ́ ju àlejò lọ,
àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí ojú ò lè rí ń kú sínú rẹ̀,
wọ́n ń rọ̀ sísàlẹ̀ bí ìyẹ̀fun láti inú asẹ́,
láìsí ẹni tó sunkún wọn.
Ẹrẹ̀ pọ́n wọn. Ẹrẹ̀ mìíràn pọ́n ẹrẹ̀.
Ilẹ̀ dé ìkòkò, ó kó iná sí abẹ́ rẹ̀,
iná tí kì í rú èéfín, iná tí kò kánjú.
Ẹni tó bá ṣí i wò kó tó jinná, amọ̀ lásán ni yóò bá.

Lẹ́yìn náà ni epo gbéra, ó ń wá ọ̀nà òkè.
Èyí tó fúyẹ́ nínú rẹ̀ bá afẹ́fẹ́ lọ.
Èyí tó wúwo kò lè rìn mọ́;
òun ló kù de ewúrẹ́.

Àwọn òkúta tó wà níhà Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́hùn-ún ńkọ́?
Òjò ń họ wọ́n, ọ̀sán ń yan wọ́n, òru ń pa iná wọn,
títí èépá ara wọn fi ń bọ́ ní hóró-hóró.
Odò gbà á, kò ka iye rẹ̀,
ó ń gbé e lọ sápá Ìwọpin, ó ń dà á sínú ọ̀sà.
Mo bu ẹ̀kúnwọ́ iyanrìn kan ní èbúté.
Òkè ni mo dì mọ́wọ́ yẹn.
Níbi tí mo dà á padà sí, bóyá òkè mìíràn ni yóò dà,
ẹnìkan yóò fọ́ ọ wò, yóò bá eegun ẹja inú rẹ̀,
àti bàtà ẹsẹ̀ òsì mi tó jábọ́ sómi lánàá.

Ẹfúnyẹlá ti wà nínú ìfun ilẹ̀ náà báyìí,
láàárín ilẹ̀ pupa àti amọ̀ funfun.
Mo gbẹ́ ibòmíràn. N ò gbẹ́ ibẹ̀.

Ọ̀sínúgà arúgbó wá bá mi lẹ́nu iṣẹ́:
"Èló ni wọn yóò san lórí rẹ̀?"
Mo ní n ò mọ̀.
Ó fi igi ṣọgbà yí ibi tó ń yọ ká, nítorí ewúrẹ́.
Ọgbà náà ti ń rì.