Àlàfo Mọ́kànlá

Àádóje bébà ìdáhùn ló wà lórí tábìlì mi ní Ojéré.
Iná ti lọ láti aago méjì,
ẹ̀rọ tó ń ka máàkì kàn jókòó
bí àlejò tí a ò fún lómi.
Ọwọ́ ni mo fi ń kà á.

Ìdánwò kan náà ni gbogbo wọn ṣe,
gbọ̀ngàn kan náà,
fáànù méjì tó ń yí, mẹ́rin tí kò yí.
Òfin òwò, èlé orí gbèsè, ìwé ìṣirò owó,
ọgọ́ta ìbéèrè, òbìrí mẹ́rin lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Lókè pátápátá ni wọ́n kọ ọ́ sí pé
ẹni tó bá ṣì í, a ó gé ìdámẹ́rin máàkì.

Ọ̀gá ẹ̀ka yọjú lẹ́nu ọ̀nà.
"Ọkùnrin, mẹ́rìnlélógójì. Obìnrin, mẹ́tàlélógójì.
Ṣé ẹ rí i? Ìṣirò ò sí nínú ẹ̀jẹ̀ wọn."
Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀,
sí èmi obìnrin
tí mo ń bá a ṣe ìwé owó-orí rẹ̀ lọ́dọọdún.

Mo fa bébà Mojírádé Ṣówándé yọ.
Mo mọ ọmọ yìí.
Ní Asérò, níbi tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ti ń yọ búlọ́ọ̀kù,
á wo típà yanrìn tó wọlé, á ní,
"Dírẹ́bà, ẹ ti já díẹ̀ sílẹ̀ ní Láfẹ́nwá."
Dírẹ́bà á rẹ́rìn-ín ẹlẹ́bi, á dín owó.
Mẹ́rìndínláàádọ́ta ló gbà, mẹ́ta ló ṣì.
Mọ́kànlá ṣófo, funfun báláú.

Gbọlábọ̀ Ṣódipẹ̀ náà mọ mẹ́rìndínláàádọ́ta,
òun náà ṣi mẹ́ta.
Ṣùgbọ́n kò fi àlàfo kankan sílẹ̀.
"Mo kàn ń kun òbìrí kẹta lọ ni, mà. Ọlọ́run ló ṣe é."
Mẹ́ta bọ́ sí i nínú mọ́kànlá.
Ẹ ṣírò rẹ̀: máàkì kan ló fi gba iwájú.

Mo bi Mojírádé. Ó wo bàtà rẹ̀.
"Ohun tí mi ò mọ̀, mà, ṣé kí n purọ́ ni?
Bí mo bá méfò nínú ìwé búlọ́ọ̀kù, ta ni yóò san án?"

Mi ò rí èsì fún un.
Mo rántí ilé wa ní Ìjẹmọ̀:
ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tú rédíò bàbá wa palẹ̀,
kò lè tò ó padà,
wọ́n ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ó ń dán an wò ni."
Èmi da ìgò epo kan nù,
ọdún méjì ni mo fi gbọ́ ọ.
Ìdánwò ni wọ́n ń pè é.
Ta ló sọ fún wa rí pé kí a dán an wò?

Mo ka àlàfo, bébà kan lẹ́yìn òmíràn:
tàwọn obìnrin, irinwó ó lé méjì;
tàwọn ọkùnrin, mẹ́tàdínlógójì.
Mo fi bírò pupa kọ ọ́ sí ẹsẹ̀ ìwé ọ̀gá.
Bóyá yóò kà á.

Ṣé kí n kọ́ ọmọ náà ní tẹ́tẹ́ ni?
Bí mo bá ní ilé ìyánilówó ní Òkè-Ìlewó,
mo mọ ẹni tí n óò fún ní kọ́kọ́rọ́.

Iná dé. Ẹ̀rọ kùn, ó gbé bébà àkọ́kọ́ mì.
Kì í ka àlàfo.