Eyín Mọ́kànlélógójì

Ọjọ́ kẹtàdínlógún rèé tí ọkọ̀ bàbá mi ti wà lọ́gbà mẹkáníìkì ní Ìta-Ọ̀ṣìn,
ó jókòó lórí òkúta mẹ́rin bí ẹni ń gbààwẹ̀,
abẹ́ rẹ̀ ṣófo.
Ewúrẹ́ kan ti bímọ síbi tí gíábọ́ọ̀sì máa ń wà.

Lánróbà ni. Ilẹ̀ ni bàbá mi fi ń wọ̀n kiri,
Ọ̀pẹ̀jì, Ìmálà, títí dé ibi tí ọ̀nà ti ń bẹ ẹsẹ̀ pé kó padà.
Nígbà tó kú, ẹ̀gbọ́n mi mú ilé,
àbúrò mi mú owó báńkì,
èmi mú ohun tí kò lè rìn.
Wọ́n ní kí n tà á fáwọn onírin. Mo dákẹ́.
Ẹni tó bá fẹ́ ya wèrè kì í gbàṣẹ.

Akẹ́rù tí a máa tú dé láti Láfẹ́nwá lórí ọkọ̀ mìíràn.
Gedú ló ń kó tẹ́lẹ̀. Imú rẹ̀ ti rún mọ́ igi mángòrò,
ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ le.
Lára ilẹ̀kùn, ọ̀dà pupa: MÁ SÁRÉ JU ORÍ Ẹ.
Mo béèrè awakọ̀ rẹ̀. Ó ń bẹ láàyè, wọ́n ní,
ó ń ta ẹja tútù ní Kútọ̀ báyìí,
kò sì fẹ́ gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì mọ́ láé.

Ọ̀gá Ṣóyọmbọ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.
Ó tú ìdí ọkọ̀ kan, ó tú ti èkejì,
ó ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí eyín irin, ètè rẹ̀ ń mì.
“Ti bàbá yín, mẹ́tàdínláàádọ́ta lórí mẹ́wàá.
Ti onígedú, mọ́kànlélógójì.
Bí mo bá pààrọ̀ ẹ̀yìn nìkan, tí mo fi iwájú sílẹ̀,
ẹ̀yìn á máa pe iwájú ní ọ̀lẹ,
iwájú á máa fà á láṣọ.
Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fi taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gun òkúta,
wọn á fọ́ra wọn lẹ́nu.”

Mo rántí ilé wa.
Mo ní kó kó méjèèjì.

Irin gígùn tó so gíábọ́ọ̀sì mọ́ ẹ̀yìn fi ìka mẹ́ta gùn jù.
Ràímì ọmọ iṣẹ́ fi okùn wọ̀n ọ́n, ó gbàgbé, ó tún un wọ̀n.
Ìyá ìyá mi a máa wí pé ṣòkòtò àgbàbọ̀,
bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣoni.
Ìyá ìyá mi kò mọ Lámídì wẹ́dà.
Lámídì gé e, ó jó o pọ̀, iná ń ta pàràpàrà lórí àpáta,
ó yí i lọ́wọ́ bí ẹni ń wo ọ̀pá ìrèké,
ó túnṣe, ó tún túnṣe,
títí irin náà fi yí tí kò gbọ̀n.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo wọlé, mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì.
Mo fẹ́ fi ẹ̀yìn jáde.
Ọwọ́ mi lọ síbi tí bàbá mi kọ́ ọ.
Ọkọ̀ fò síwájú!
Ọ̀gá gbé ife tíì rẹ̀ sókè, ó bẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́,
kò dà á nù.
“Jíà onígedú nìyẹn,” ló wí. “Ẹ kọ́ ọ tuntun.”

Mo kọ́ ọ tuntun. Mo gun Òkè Sókòrí,
taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń jẹ òkúta wẹ́wẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà,
ìró rẹ̀ rẹlẹ̀, kì í ṣe ohùn tí mo mọ̀.
Fèrè nìkan ni kò yí padà,
ó ṣì ń dún bí pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀.
Epo ń jò díẹ̀. Gbogbo wọn ló ń jò, ni ọ̀gá wí.

Nígbà tí mo padà dé, ewúrẹ́ náà wo abẹ́ ọkọ̀ mi,
ó wò mí,
ó kó ọmọ rẹ̀ méjèèjì
lọ sábẹ́ akẹ́rù gedú.